Ta Ni Ọkọ̀ Ń Dúró Dè?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó wọ ọjà pọ̀ ju ọkọ̀ tí yóò gbà wọ́n lọ. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ mẹ́wàá, tí ogún ìlú sì ń retí rẹ̀, kò lè ṣàì yàn. Àwọn tí ń ṣètò ọ̀nà ọkọ̀ èrò a máa pe yíyàn yìí ní ìṣirò. Ìdájọ́ ni.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní ìpínlẹ̀ Kwara, títì ńlá ti Ìlọrin wá, ó gba Àjàṣẹ́-Ìpo, ó kọjá sí Òmù-Àrán. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá títì yìí kì í pẹ́ rí ọkọ̀. Ẹ̀sìẹ́ kò sí lójú títì náà. Ńṣe ni ènìyàn ń yà wọ̀ ọ́. Ìlú tí òkìkí rẹ̀ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ ni. Ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ lé ní 800, ilé tí a kọ́ ní 1945 láti máa tọ́jú wọn ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n òkìkí kì í kún àga ọkọ̀, òfin gáréèjì káàkiri ilẹ̀ Yorùbá sì ni pé ọkọ̀ kì í gbéra bí kò bá kún.

Òfin náà kì í ṣe ìwà ìkà. Awakọ̀ ni ó ń ra epo. Bí ó bá rìn pẹ̀lú àga mẹ́fà tí ènìyàn kò jókòó lé, àpò rẹ̀ ni ó ń jò. Ẹni tí ó ń san owó ìdúró náà ni kò hàn. Bí ìyá oníṣu kan bá kọ́kọ́ wọkọ̀ ní agogo méje, ó lè wà níbẹ̀ títí di agogo mẹ́sàn-án. Ó san owó ọkọ̀ bí ẹnikẹ́ni, ó sì fi wákàtí méjì lé e. Kò sí ẹni tí ń kọ wákàtí wọ̀nyí sínú ìwé. Bí ó bá wá di ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ a ya wọ ibi tí kì í dé lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀nà náà kò kúrú sí i. Èrò ni ó pọ̀.

Àwọn amòye a máa lọ dúró ní oríta láti ka èrò kí wọ́n tó pín ọkọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù. Bí ènìyàn bá ka oníbàárà níwájú ṣọ́ọ̀bù tí a tì pa, ṣé yóò wá sọ pé ìlú kò fẹ́ ra ọjà? Aboyún tí kò lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ìrìn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀nà jíjìn, wọn kì í sí ní oríta nígbà tí a bá ń kà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní Ìgbómìnà. Nígbà tí ojú irin ń ti Èkó bọ̀, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà kọjá sí Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ kò sí lọ́nà rẹ̀. Ọ̀fà ti jẹ́ ìlú ńlá kí reluwé tó dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá ka èrò níbẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún yóò máa ka èyí tí ojú irin fúnra rẹ̀ kó jọ, yóò sì fi í ṣe ẹ̀rí pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ojú irin gbà.

Ọkọ̀ ń tẹ̀lé èrò, èrò náà sì ń tẹ̀lé ọkọ̀. Ní Curitiba, ní ilẹ̀ Brasil, ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ láti 1974, wọ́n sì fi òfin darí ilé gíga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdàkejì rẹ̀ ni Èkó. Ètò reluwé àárín ìlú tí ìjọba Lateef Jakande dáwọ́ lé, ìjọba ológun pa á tì ní 1985. Ìlú kò dúró dè é. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì láti Mile 12 dé Erékùṣù bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Ní 2023 ni reluwé bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Nígbà náà, ilé ti kọjá ibi tí ojú kò lè tó òpin rẹ̀ mọ́, ẹni tí ń gbé ìkángun sì ní láti wọ dáńfó kan tàbí méjì kí ó tó rí reluwé náà. Ìlọrin kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni èyí. Láti ìgbà tí a ti dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1975, ilé ti ń gba Tanke lọ pàdé ọgbà rẹ̀, kọ̀rọ̀pẹ̀ sì ń sáré tẹ̀lé ilé.

Ẹlòmíràn yóò wá ní kí ọkọ̀ kúkú dé ibi gbogbo. Ìyẹn náà kò sàn. Bí a bá pín ọkọ̀ mẹ́wàá fún ogún ìlú, ọkọ̀ tí ó bá ń dé lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó kọ́ ilé sí ìdí oko kò lè ní kí bọ́ọ̀sì wá kan ilẹ̀kùn òun. Ó yẹ kí ó lè rìn dé ibùdókọ̀ kan. Ohun tí ó tọ́ sí i níbẹ̀ ni agogo: ọkọ̀ kan tí yóò gbéra ní agogo méje, ìbáà kún, ìbáà má kún. Agogo yìí ni ó yẹ kí owó ìlú rà. Níbi tí èrò ti ń kún ọkọ̀ fúnra wọn, awakọ̀ yóò wá láìjẹ́ pé a pè é.

Ta ni yóò san owó àga òfìfo? Bí a bá bù ú lé owó ọkọ̀ ní Ìlọrin, alábàárù tí ó dúró fún ara rẹ̀ nínú èrò ni yóò máa san án fún Ẹ̀sìẹ́, tálákà kan yóò sì máa gbé tálákà kejì. Ó tọ́ jù kí a bù ú lára ẹni tí ó dá jókòó nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀, tí ó gba ààyè ènìyàn mẹ́wàá lójú títì. Òun náà ń jẹ iṣu tí ó ti inú ìlú kéékèèké wọ̀nyí wá.

Ọkọ̀ agogo méje náà lè máa lọ pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ta fún oṣù mẹ́fà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yóò sì fẹ́ dá a dúró. Kí wọ́n tó dá a dúró, kí wọ́n rántí ìyá oníṣu. Yóò kọ́kọ́ máa wò ó láti òkèèrè, bóyá yóò tún wá lọ́la àti lọ́tùnla, kí ó tó yí àkókò tí ó ń wa iṣu padà nítorí rẹ̀.