Ṣé Orí Ló Mú Ọmọ Kúrò Nílé-Ìwé?

Bí ọmọ bá fi ilé-ìwé girama sílẹ̀ láìparí rẹ̀ ní Ponyan, tàbí ní ìlú mìíràn nílẹ̀ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogi, ohun méjì ni àwọn ará ilé sábà máa ń sọ. Àwọn kan á ní owó ni kò sí. Àwọn mìíràn á ní bí orí rẹ̀ ṣe yàn án nìyẹn, pé ìwé kò sí nínú ìpín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ju ìtùnú lásán lọ. Bó bá jẹ́ òótọ́, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé orí ọmọ ni wọ́n fi ń bo ẹ̀bi àgbà mọ́lẹ̀.

Ìgbàgbọ́ Yorùbá ni pé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan yan orí nílé Àjàlá, alámọ̀ ọ̀run, kó tó wá sáyé. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù lórí rẹ̀, èyí tí Wándé Abímbọ́lá gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo, dá lórí ọ̀rẹ́ mẹ́ta: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú, wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú, wọn kò mọ̀ pé kò jiná, òjò sì bà á jẹ́ lọ́nà ayé. Afùwàpẹ́ yà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó rú owó àti iyọ̀, wọ́n sì mú nínú rẹ̀ fún un kó máa gbé e lọ. Nígbà tó dé ilé Àjàlá, onígbèsè ló bá: alámọ̀ ti sá pamọ́ sókè àjà nítorí ẹni tó jẹ lówó tó jókòó dè é. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó sì bá a ṣa orí tó dára.

Lóòótọ́, ìkánjú àwọn méjì yòókù ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Afùwàpẹ́ fúnra rẹ̀ kò lè fi ojú mọ orí rere yàtọ̀ sí búburú. Ohun tó gbà á ni bàbá tó mọ ọ̀nà, àti owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó ṣe kókó. Ẹni tó bá ń fi orí ṣàlàyé ọmọ tó pa ìwé tì, ìdajì ìtàn ló ń sọ. Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, gbé irú ìbéèrè yìí dìde nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1991: bí ẹni tó ń yan orí kò bá mọ èyí tó dára, báwo ni a ṣe lè dá a lẹ́bi ohun tó yàn?

Bíi ti Afùwàpẹ́, owó ilé-ìwé náà ní àkókò tirẹ̀. Nílẹ̀ Yàgbà, àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ń gbin iṣu, pákí àti àgbàdo, kajú sì ti di igi owó, nítorí ìpínlẹ̀ Kogi wà lára àwọn tó ń pèsè kajú jù lọ ní Nàìjíríà. Láti nǹkan bí Oṣù Kejì dé Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣa kajú. Ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣekágbá WAEC fún àwọn ọmọ SS3, tí ilé ń san owó rẹ̀ kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó ní òun yóò máa san án, sì máa ń bọ́ sí ìparí ọdún wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Bàbá tó lówó lọ́wọ́ lóṣù kẹrin lè má ní kọ́bọ̀ lóṣù kìíní. Bí kò bá rí ẹni yá a, ó lè gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò kajú ṣáájú ìkórè, ní iye tí oníṣòwò bá dá lé e. Bí kò bá rí ìyẹn náà, ọmọ á jókòó sílé di ọdún tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ irú wọn kì í sì padà mọ́.

Owó ilé-ìwé nìkan kọ́ ni ilé ń san. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún lè kọ ebè, ó lè gun ọ̀kadà, ó lè bá wọn wa kùsà ní àgbègbè Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú, níbi tí góòlù wà nínú ilẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó bá fi wà ní kíláàsì, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà kò wọlé. Gary Becker, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1964 pé ìdókòwò ni ẹ̀kọ́: ilé ń náwó lónìí kó lè jèrè lọ́la. Àlàyé náà dára, ṣùgbọ́n kò sí báǹkì tí yóò yá tálákà lówó lórí ọpọlọ ọmọ rẹ̀. Yorùbá àtijọ́ mọ ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi ọmọ yáwó, ìwọ̀fà ni. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni. Ojú owó kì í dín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ tí wọ́n yọ nílé-ìwé láti wá ṣiṣẹ́: iṣẹ́ rẹ̀ ń tán àìní òní, ìṣẹ́ tó lé e jáde ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó ń tẹ̀yìn fífi ilé-ìwé sílẹ̀ wá kì í pẹ́ kó tó hàn. Ìwádìí Báǹkì Àgbáyé fi hàn pé ọdún kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá lò sí i nílé-ìwé ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tó ń wọlé fún un. Nínú ìwádìí wọn ti ọdún 2018, obìnrin tó parí girama ń gba nǹkan bí ìlọ́po méjì owó ẹni tí kò kàwé rárá. Iṣẹ́ kọ́ńsítébù ọlọ́pàá pàápàá ń béèrè kírẹ́dítì márùn-ún. Ní Gánà, láti 2008, àwọn olùwádìí tọ ipa àwọn ọmọ tó rọ́wọlé sí girama tí wọn kò rí owó san, wọ́n sì fi ìbò yan àwọn kan nínú wọn fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn tí ìbò mú parí ẹ̀kọ́ ju àwọn yòókù lọ dáadáa, àwọn obìnrin wọn sì pẹ́ kí wọ́n tó bímọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ orí: kò sẹ́ni tó pààrọ̀ orí àwọn ọmọ náà, owó nìkan ni wọ́n san.

Ilẹ̀ Okun, tí Yàgbà wà lára rẹ̀, ti rí irú ẹ̀rí yìí fúnra rẹ̀. Ní Oṣù Kìíní 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ọmọ Èkìtì wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ Yàgbà, tí ààlà ìjọba ti gbé sí Ẹkùn Àríwá, kò sí lára wọn. Yorùbá kan náà ni wọ́n, ìgbàgbọ́ nínú orí kan náà ni wọ́n sì ní. Ìlà tí òyìnbó fà ló pín wọn níyà.

Nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ orí sábà máa ń di "ìfẹ́ Ọlọ́run". Ṣùgbọ́n àwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) tó dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908 kọ́ àwọn ènìyàn láti ka Bíbélì, Titcombe College sì dúró níbẹ̀ láti 1951. Àwọn onígbàgbọ́ tó dáwó, tí wọ́n tajà, tí wọ́n sì jẹ gbèsè kí ọmọ lè lọ síbẹ̀ kò gbà rárá pé Ọlọ́run fẹ́ àìmọ̀wé fún Yàgbà.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ Nàìjíríà, UBE, ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan títí dé JSS3. SS1 dé SS3, tí ìnáwó ti ń wúwo, kò sí nínú dandan náà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí ìjọba pèsè girama lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó bá ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ fi ìlérí yìí mú ìjọba. Ní 2010, kóòtù ECOWAS dájọ́, ní ti ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, pé ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà ni, kì í ṣe ojúrere. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé ìjọba títí dé SS3, ó sì ní òun yóò máa san owó ìdánwò àṣekágbá. Ẹrù ńlá nìyẹn kúrò lọ́rùn ilé. Oúnjẹ, bàtà, ìwé, àti iṣẹ́ tí oko pàdánù ṣì wà níbẹ̀. Bí àwọn àgbà bá bá ilé gbé ìyẹn náà, tí ọmọ sì tún dìde kúrò, nígbà náà ni wọ́n tó lè bi òun àti orí rẹ̀ léèrè. Títí di ìgbà náà, bàbá, ẹbí, ìjọ àti ìjọba ni ìbéèrè náà kàn.