Ẹ̀wù tí a fà gùn, ṣé irọ́ ni?



Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Kétu, tí òtútù òwúrọ̀ bá mú, àwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń wá ẹ̀wù òtútù fún ọmọ ọwọ́. Ìgbà náà ni ọwọ́ àwa tí a mọ kúróṣẹ̀ hun máa ń dí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí mo fẹ́ kí a jọ rò. Ó kan ẹni tí kò hun ẹ̀wù rí pẹ̀lú.

Ẹni tó hun ẹ̀wù tán kò tíì parí iṣẹ́. Etí òwú ṣì kù tó ń fì. A ó fi abẹ́rẹ́ ńlá kì í sínú iṣẹ́, a ó lọ síwájú, a ó tún padà sẹ́yìn, kí ó má baà tú. Lẹ́yìn náà, a ó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ ẹ̀wù náà. A kì í lọ́ ọ bí a ti ń lọ́ aṣọ oko. A ó fi aṣọ ìnura wé e, a ó tẹ̀ ẹ́ kí omi jáde. A ó tẹ́ ẹ sórí ẹní ní ibòji. A ó fi ọwọ́ tún un ṣe, kí apá méjèèjì dọ́gba, kí etí ìsàlẹ̀ sì gún. A ó fi pínnì mú un títí yóò fi gbẹ. A kì í fi í kọ́ sórí okùn, nítorí omi inú rẹ̀ wúwo, yóò fà á gùn.

Iṣẹ́ yìí dára, kì í ṣe ẹ̀tàn. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi igi lu aṣọ òkè kí ó lè tẹ́, kí ó sì dán. Ṣùgbọ́n níbo ni àtúnṣe parí sí? Níbo ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ní ọyẹ́ ọdún kan, ìyá ọmọ kan nínú kíláàsì wa ní kí n hun ẹ̀wù fún ọmọ òun. Òun ló wọn ọmọ náà. Òun náà ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 30. Inú rẹ̀ dùn pé òun lè kọ ọ́.

Nígbà tí ẹ̀wù dé 27, òwú tán. Irú àwọ̀ náà kò sí lọ́jà mọ́. Mo rẹ ẹ̀wù náà sínú omi, mo fà á títí ó fi dé 30, mo fi pínnì mú un. Nígbà tó gbẹ, mo wọ̀n ọ́n, ó pé 30. Mo gba owó mi pé. N kò fi ẹnu parọ́. Mo kàn dákẹ́ ni.

A máa ń fọ aṣọ ọmọ ọwọ́ kí a tó wọ̀ ọ́ fún un. Ó fọ ẹ̀wù náà, ẹ̀wù sì sún kì. Nígbà tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ikùn ọmọ wà níta. Mo rò pé yóò bá mi jà. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì, ó ní: «Ìyá Olùkọ́, ẹ má bínú. N kò tíì mọ nọ́ńbà kọ dáadáa. Mo ṣi ìwọ̀n ọmọ kọ, mo sì fi iṣẹ́ yín ṣòfò.»

Ẹni tí mo rẹ́ jẹ ló ń bẹ̀ mí! Nọ́ńbà rẹ̀ tọ́. Ẹ̀wù mi ni kò tọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi kọ́ ọ kí ó lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ. Sẹ̀ǹtímítà 3 péré ni mo fi gba ìgbẹ́kẹ̀lé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ náà n kò lè sọ̀rọ̀. Òru náà n kò sùn. Nígbà tí a tún pàdé, mo sọ òtítọ́ níwájú kíláàsì, nítorí ibẹ̀ ló ti kúnlẹ̀. Mo fi òwú àwọ̀ mìíràn hun etí ìsàlẹ̀ ẹ̀wù náà kún un, títí ó fi pé 30 láìfà á. Gbogbo ènìyàn rí ìlà náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé gbogbo ọlọ́jà ló ń tún ọjà rẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó nu tòmátì rẹ̀ fi hàn bó ṣe rí. Ẹni tó kó èyí tó rà sábẹ́ fi bó ṣe rí pamọ́. Kí òwú tán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí a fi pínnì bo àìtó mọ́lẹ̀, kí a sì gba owó ohun tó tó, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn.

Àìmọ̀ náà lè mú wa tan ènìyàn jẹ. Lọ́jà wa, gbogbo òwú yìí ni à ń pè ní lẹ́ẹ̀nì. Lẹ́ẹ̀nì gidi, irun àgùntàn ni. Bí a bá tẹ́ ẹ nígbà tó tutù, tó sì gbẹ, yóò dúró bí a ṣe tẹ́ ẹ títí a ó fi tún fọ̀ ọ́. Akirílíìkì yàtọ̀. Ohun tí a rí nínú epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ fún títà ní ọdún 1950. Omi nìkan kì í mú un dúró síbi tí a fà á dé. Bí irin ìlọṣọ gbígbóná bá sì kàn án, yóò rọ̀ jọ̀bọ̀, kò ní padà sípò mọ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ hun kékeré fi dán an wò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n ẹ̀yìn ìfọ̀ ni ìwọ̀n òtítọ́.

Báwo ni a ó ṣe mọ àtúnṣe yàtọ̀ sí irọ́? Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi: bí oníbàárà bá jókòó tì mí, ṣé n ó ṣe é lójú rẹ̀? Mo lè nu ún, mo lè tẹ́ ẹ, mo lè tò ó lójú rẹ̀. N kò lè fa 27 di 30 lójú rẹ̀ kí n sì dákẹ́. Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti ẹ̀wù, ọjọ́ ìfọ̀ ni ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká jíròrò: Bí òwú bá tán lọ́wọ́ yín, tí òtútù sì ń mú ọmọ oníbàárà, kí ni ẹ ó sọ fún ìyá rẹ̀? Èló ni ẹ ó gbà?