Ọmọ Ọdún Méjì Nínú Ọkọ̀ Òkun: Ti Ta Ni Ìgbádùn Náà?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá òkun, tí ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn lórí rẹ̀ fún àǹfààní ọmọ ènìyàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo àwọn tí ó tẹ̀lé e ní dáradára. 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń di àríyànjiyàn láàárín àwọn tọkọtaya ọ̀dọ́ wa, pàápàá àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tí àwọn òbí wọn wà ní Ṣàpọ́n, ní Ìtọ́kú, ní Kémta àti káàkiri Abẹ́òkúta. Wọn á ní àwọn fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan gba afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ńlá. Ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀lé e ni pé: ọmọ wọn tí kò ju ọdún méjì lọ ńkọ́? Ìyàwó lè ní kí wọ́n mú un dání. Ọkọ lè ní ìnáwó lásán ni, nítorí ọmọ náà kò ní rántí ohunkóhun. Nígbà tí ìyá àgbà ní Ṣàpọ́n bá gbọ́ lórí fóònù, òun á ní, "Ẹ fẹ́ gbé ọmọ jòjòló lọ sórí òkun? Kí ló ń lé yín?"

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ olówó nìkan nìyí. Abẹ́ rẹ̀ ni ìbéèrè kan wà tí ó kan gbogbo ẹni tí ó bímọ, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ òkun ni yóò wọ̀ tàbí ọkọ̀ akérò ní Lafẹ́nwá: kí ni ẹ̀tọ́ ọmọ tí kò tíì lè sọ tẹnu rẹ̀ lórí wa, nígbà tí àwa bá ń wá ìgbádùn?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọkọ̀ afẹ́ yìí dà bí ìlú kan lórí omi. Èyí tí wọ́n ń pè ní Icon of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Miami ní oṣù kìíní ọdún 2024, lè gba èrò tí ó lé ní 7,000. Ilé oúnjẹ wà nínú rẹ̀, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wà, ilé eré wà, ilé tẹ́tẹ́ àti ilé ọtí náà wà. Púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí kò gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Bí ìrìn àjò náà bá jẹ́ èyí tí ó ń gé òkun ńlá kọjá fún ọjọ́ púpọ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún kan. Wọn kì í sì í sábà jẹ́ kí ọmọ tí ó ṣì ń lo ìlédìí wọ inú omi ìlúwẹ̀ẹ́ tí gbogbo èrò ń lò. Ibi tí wọ́n ti ń bá àwọn òbí tọ́jú ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ta sókè ni ó sábà máa ń wà fún. Èyí fi hàn pé ọmọ ọdún méjì yóò wà lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé ọkọ̀ ni yóò bá òun gbé ọmọ, kí ó tún èrò rẹ̀ pa.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ọkọ tí ó ní ọmọ kò ní rántí. Òótọ́ ni. Èwo nínú wa ló rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ní ọmọ ọdún méjì? Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìrántí ni a fi ń wọn oore, a jẹ́ pé púpọ̀ nínú ohun tí ẹ̀sìn pa láṣẹ fún ọmọ kò wúlò nìyẹn. Ọjọ́ keje ni a ń sọ ọmọ lórúkọ tí a sì ń pa ẹran àkíkà rẹ̀, kò rántí. Ọlọ́hun sọ nínú Súrátul-Bakọrah nípa fífún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko fún ẹni tí ó bá fẹ́ pé e. Ọmọ kò rántí ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ egungun rẹ̀ le nípa ọmú náà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ nítorí àyà tí ó ń sùn lé. Oore tí a ṣe fún ọmọ kì í ṣòfò nítorí pé ó gbàgbé, Ẹni tí ń kọ iṣẹ́ wa sílẹ̀ kì í gbàgbé. Nítorí náà, àìrántí kò tó ìdí láti fi ọmọ sílẹ̀.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ìyàwó tí ó ní ọmọ náà yóò gbádùn. Èyí gan-an ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa. Kí ni ìgbádùn ọmọ ọdún méjì? Kí ó sùn nígbà tí oorun bá ń kùn ún. Kí ó jẹ oúnjẹ tí ẹnu rẹ̀ mọ̀. Kí ó rí ojú tí ó mọ̀ nígbà tí ó bá jí. Kí ó rìn tàgétàgé lọ síbi tí ó wù ú kí ẹnì kan sì máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Gbogbo èyí wà ní ilé, ó sì lè wà nínú ọkọ̀ òkun. Ohun tí kò lè sí ni kí bàbá fẹ́ jókòó ti oúnjẹ alẹ́ fún wákàtí méjì, kí ìyá fẹ́ wo eré di ọ̀gànjọ́, kí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan kí wọ́n rìn káàkiri nínú oòrùn, kí ọmọ sì tún gbádùn. Ọmọ yóò sunkún. Wọn yóò ní ó ba ìgbádùn àwọn jẹ́. Ta ló ba ti ta jẹ́?

Ẹ wo ìṣe Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ó wà nínú hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrun pẹ̀lú èrò láti mú un gùn, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ẹkún ọmọ kan, yóò gé ìrun náà kúrú, nítorí ó mọ bí ẹkún náà ti ń ká ìyá rẹ̀ lára tó. Ó tún wà níbẹ̀ pé ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Umaamah, kírun: bí ó bá fẹ́ fi orí kanlẹ̀, a gbé e sílẹ̀, bí ó bá dìde, a tún gbé e. Ẹ̀yin ará, ìrun ni ìyẹn o, èyí tí ó jẹ́ ti Ọlọ́hun. Bí a bá lè gé ìrun kúrú nítorí ọmọ, kí ni oúnjẹ alẹ́ inú ọkọ̀ tí a kò fi lè gé e kúrú?

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí níbẹ̀. Ànábì kò sọ pé kí ìyá ọmọ jókòó sílé nítorí ẹkún, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe bí ẹni pé ọmọ kò sí níbẹ̀. Ó gba ọmọ wọlé, ó sì yí bí ó ti ń ṣe nǹkan padà nítorí rẹ̀. Ìdájọ́ tí mo rò pé ó tọ́ nìyẹn: ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọmọ dání, kí ó mú un, ṣùgbọ́n kí ó dín ìrìn náà kù sí ìwọ̀n ọmọ. Ẹni tí kò bá lè dín in kù, kí ó dúró di ìgbà tí ọmọ yóò dàgbà. Ọmọ kì í ṣe ẹrù tí a ń gbé sínú àpótí.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ààbò. Àwọn kan yóò ní, "Ọlọ́hun ni aláàbò." Òun ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó bi Ànábì léèrè bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, ohun tí Ànábì pa láṣẹ fún un ni kí ó so ó kí ó tó gbára lé E. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2002, ọkọ̀ Le Joola tí ó ń ti Ziguinchor lọ sí Dakar ní Senegal dojú dé ní etíkun Gambia. Èrò 580 péré ni wọ́n kọ́ ọ fún. Àwọn tí ó kú nínú rẹ̀ lé ní 1,800, tọmọdé tàgbà, àwọn tí ó yè kò ju 64 lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ọkọ̀ afẹ́ Costa Concordia forí sọ àpáta ní Ítálì, ènìyàn 32 sì kú. Lẹ́yìn èyí ni òfin àgbáyé yí padà, tí ó fi di dandan láti ọdún 2015 pé kí a fi ọ̀nà àbáyọ han èrò kí ọkọ̀ tó ṣí tàbí bí ó bá ti ń ṣí gẹ́lẹ́. Òfin yìí kan náà ní kí ọkọ̀ tí yóò lo ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú omi ní ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó tí ó bá ara ọmọ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan mu. Òbí tí ó bá wọ ọkọ̀ tí kò béèrè ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ kò tíì so ràkúnmí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà nílé ju àwọn tí ó wà ní Miami lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tí ó ń ti ìgbéyàwó bọ̀ ní agbègbè Pátígì, ní ìpínlẹ̀ Kúárà, rì sódò. Àwọn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Mélòó nínú wa ló ń gbé ọmọ pọ̀n wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Èkó, tí ìyá wọ ẹ̀wù náà, tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní? Ìyá Ànábì Mùsá gbé ọmọ rẹ̀ sójú omi, ṣùgbọ́n àṣẹ Ọlọ́hun àti ìbẹ̀rù Fíráónì ni ó mú un ṣe é. Síbẹ̀ ó fi í sínú àpótí, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n ọmọ máa ṣọ́ ọ láti ẹ̀bá odò. Bí ẹni tí Ọlọ́hun ṣèlérí fún bá lè ṣọ́ ọmọ báyìí, kí ni kí àwa tí ìgbádùn nìkan gbé jáde ṣe?

Ẹnì kan lè ní, "Ṣebí wọ́n ń gbé ọmọ lọ Háájì?" Òótọ́ ni. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ sókè fún Ànábì, ó béèrè bóyá ọmọ náà ní Háájì. Ànábì ní ó ní in, ìyá sì ní ẹ̀san. Àwọn onímọ̀ fi kún un pé ọmọ náà yóò tún ṣe tirẹ̀ bí ó bá bàlágà tí ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, ìjọba Saudi kéde pé ọmọdé kò ní bá òbí rẹ̀ wá sí Háájì ọdún náà, nítorí ọ̀pọ̀ èrò. Bí a bá lè sọ fún ẹni tí ó ń lọ jọ́sìn pé kí ó fi ọmọ sílé nítorí ààbò, kò yẹ kí ẹni tí ó ń lọ ṣe fàájì bínú bí a bá sọ fún un pé kí ó rò ó wò. Ohun tí ó tọ́ ní ṣíṣe kì í ṣe ohun tí ó yẹ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀kẹrin ni àníyàn àti owó. Àwọn kan wà tí kì í ṣe ọmọ ni wọ́n mú lọ, àwòrán ni wọ́n lọ yà. Fìlà ọkọ̀ lórí ọmọ, òkun lẹ́yìn rẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí i lórí Facebook. Ṣekárími nìyẹn, ó sì máa ń jẹ èrè iṣẹ́ rere run. Àwọn mìíràn yá owó èlé láti fi rìn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Súrátul-Isráà kìlọ̀ ìná-àpà fún wa lẹ́yìn tí ó ti pa á láṣẹ kí a fún ẹbí àti aláìní ní ẹ̀tọ́ wọn. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ ní Ṣàpọ́n bá ti tán láti oṣù tó kọjá, ibẹ̀ ni kí owó ọkọ̀ òkun kọ́kọ́ gbà kọjá.

Fífi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà ńkọ́? Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, bí ọmọ bá mọ ìyá àgbà, tí ara màmá sì gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ má ṣe sanwó tán kí ẹ wá máa sọ fún wọn. Ẹni tí ó ti tọ́ tirẹ̀ tán kò jẹ wá ní gbèsè títọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má gbàgbé pé òbí ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún méjì kò ní rántí, ṣùgbọ́n ó ń wò, ó sì ń fara wé ohun tí ó ń wò. Arìnrìn-àjò ní ìdẹ̀rùn: ó lè dín ìrun onírákà mẹ́rin kù sí méjì, ó sì lè pa Àílà pọ̀ mọ́ Àsárì. Ẹni tí ó bá fi ìdẹ̀rùn yìí kírun nínú yàrá ọkọ̀, tí ó béèrè bí wọ́n ti pa ẹran kí ó tó jẹ ẹ́, tí ó yẹra fún ilé tẹ́tẹ́, ó ti fún ọmọ rẹ̀ ní ohun tí yóò bá a délé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí kò ní rí owó ọkọ̀ òkun láéláé. Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní ọjà Ìtọ́kú láàárín àdìrẹ, ohun tí ó ń fẹ́ kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tí ó wà ní Miami: kí ọwọ́ ìyá rẹ̀ dilẹ̀ fún un díẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ní abẹ́ Òkè Olúmọ, tí bàbá pa fóònù tí ó sì ń tẹ̀lé ọmọ lẹ́yìn, kò kéré sí ọ̀sẹ̀ kan lórí òkun. Èyí tí ó bá lágbára kí ó lọ sórí òkun, kò burú. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wa bi ara wa: bí ó bá di pé kí ẹnì kan pàdánù ìgbádùn rẹ̀ lónìí, ṣé èmi ni tàbí ọmọ yìí? Ẹni tí ó bá ti mọ ìdáhùn rẹ̀ lè di ẹrù rẹ̀.

Ọmọ jẹ́ àmánà lọ́wọ́ wa, a ó sì jíhìn rẹ̀. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a fi ìgbádùn wa pa wọ́n lára. Kí Ó ṣọ́ wọn fún wa nílé, lọ́jà, lójú omi àti lókè òkun. Àmín. Wallaahu a'lam.