Bí Ọ̀rẹ́ Orí Ẹ̀rọ Bá Ní Kí A Pàdé

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń bi wá lemọ́lemọ́, tí àwọn òbí sì ń bi wá láti ọ̀nà tiwọn. Ẹni tí a ti ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ọdún kan tàbí méjì, tí a jọ ń rán ara wa létí àsìkò ìrun, tí ó mọ ìgbà tí ìyá wa ṣàìsàn, ṣùgbọ́n tí a kò fojú kàn rí, bí ó bá ní kí a wá pàdé, ṣé ó burú kí a kọ́kọ́ wádìí rẹ̀? Ọmọ a ní, "Bí mo bá ń wádìí ọ̀rẹ́ mi, ṣé mo gbà á lọ́rẹ̀ẹ́ nìyẹn?" Òbí a ní, "Ta ni o rí níbẹ̀ tí o ń pè lọ́rẹ̀ẹ́?"

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá òbí lóhùn. Kì í ṣe òdodo pé ẹni tí a kò rí kò lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni. Àwọn tó dàgbà nínú wa kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1990, àwọn náà wá àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ inú lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn, wọ́n lẹ sítáǹbù, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan retí èsì láti ìlú tí wọn kò dé títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí tó ga ju ìyẹn lọ wà. Nàjáṣì, ọba ilẹ̀ Hábáṣà, gba àwọn Mùsùlùmí tí ìnira lé kúrò ní Mẹ́kà sílé. Òun àti Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò fojú kan ara wọn rí. Lọ́jọ́ tí Nàjáṣì kú, Ànábì kéde ikú rẹ̀ fún àwọn èèyàn, ó tò wọ́n sẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì kírun sí i lára bí ẹni pé òkú náà wà níwájú wọn. Ta ni yóò sọ pé àjọṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òótọ́?

Ọ̀rọ̀ wá kan ọmọ. Ànábì ṣàpèjúwe ọkùnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ kò pàdé fún àwọn sàhábé rẹ̀. Uwais ni orúkọ rẹ̀, ará Yemen ni, láti ìran Murad, ní agboolé Qaran. Àrùn awọ ara ṣe é rí, ó sì san, ó ku ojú ibì kan péré tó tó owó dírámù. Ó ní ìyá kan tí ó ń tọ́jú dáadáa. Nígbà tí Umar ọmọ Khattab di aṣáájú àwọn Mùsùlùmí, gbogbo ìgbà tí ọ̀wọ́ kan bá ti Yemen dé ni ó máa ń béèrè bóyá Uwais wà láàárín wọn, títí ọjọ́ fi pé tí ó bá a.

Ẹ wo ohun tí Umar ṣe. Kò dì mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ó bi í bóyá òun ni Uwais ọmọ Amir. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá láti Murad ni, ní Qaran. Bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá àrùn ti ṣe é rí, tí ó san, tó ku ojú ibì kan. Bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá ó ní ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ni Umar sọ ohun tí Ànábì wí nípa rẹ̀ fún un, tí ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹnu Ànábì gan-an ni àpèjúwe yìí ti jáde o, síbẹ̀ Umar béèrè lẹ́ẹ̀mẹrin. Uwais kò fajú ro. Kò ní, "O ò gbà mí gbọ́ ni?"

Inú Súrátùl-Hùjùrátì kan náà ni Ọlọ́hun ti pa wá láṣẹ ní àáyà 6 pé kí a wádìí ìró tí a kò mọ ìdí rẹ̀, tí Ó tún kọ̀ fún wa ní àáyà 12 pé kí a má máa ro èrò burúkú sí ara wa. Méjèèjì kò takò ara wọn. Ẹni tó ń ro èrò burúkú ti dájọ́ kó tó béèrè. Ẹni tó ń wádìí ń béèrè kó má baà ṣi ẹjọ́ dá. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ tó bá bínú nítorí pé a ní kí a pàdé ní gbangba lọ́sàn-án, pé a ó mú ẹ̀gbọ́n wa dání, ìbínú rẹ̀ gan-an yẹ ní wíwádìí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní oṣù keje ọdún 2012, ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì ní yunifásítì kan ní Òkè Ọya wá sí Èkó láti ra ọjà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó bá ṣọ̀rẹ́ lórí Facebook ló wá pàdé rẹ̀. Inú òtẹ́ẹ̀lì kan ní FESTAC ni wọ́n pa á sí, wọ́n sì kó ohun ìní rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó dá ẹjọ́ ikú fún méjì nínú wọn. A kò sọ èyí láti fi dá òkú lẹ́bi. Ẹni tó ṣìkà ló jẹ̀bi. A sọ ọ́ kí ó lè yé ọmọ wa pé ìbéèrè tí ojú ń tì í láti bi ọ̀rẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló ní awọ fẹ́ẹ́rẹ́ ló bonú. Ọkùnrin kan jẹ́rìí ọmọnìkejì rẹ̀ níwájú Umar pé ẹni rere ni. Umar bi í bóyá aládùúgbò rẹ̀ ni, tó mọ wíwọlé àti jíjáde rẹ̀. Bóyá ó ti bá a ná owó dínárì àti dírámù. Bóyá wọ́n ti jọ rin ìrìn-àjò. Ó ní rárá sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Umar ní a jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí ti fojú rí i o! Ṣé wákàtí kan nídìí ìgò mínírà ni yóò wá sọ wá di ojúlùmọ̀? Ẹni tó ní kí a fi owó mọ́tò ránṣẹ́ kí òun tó wá, tí kò sì wá, ti dáhùn ìbéèrè kejì fún wa ní iye owó mọ́tò náà.

Ṣùgbọ́n àwa náà ni ọ̀rẹ́ orí ẹ̀rọ fún ẹlòmíràn. Ànábì ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà rí, ó bá a pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì bi ọlọ́jà ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i. Bí àwòrán tí a fi síbẹ̀ kì í bá ṣe tiwa, tàbí tí a ti gbéyàwó tí a kò wí, kí ọ̀rẹ́ wa tó wọkọ̀ ni kí a ti sọ ọ́. Àṣìṣe àná tí Ọlọ́hun ti bò fún wa ńkọ́? Ìyẹn kò kan ìpàdé, ẹnikẹ́ni kò sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ipá gbà á lẹ́nu wa.

Ti ọkùnrin àti obìnrin kò gba àlàyé púpọ̀. Kí wọ́n má dá wà níbi kọ́lọ́fín. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ilé bàbá ọmọ ni kí a ti pàdé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí: ọmọ tí ẹ bá ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní sọ ibi tó ń lọ fún yín. Òun nìkan ni yóò lọ. Ẹ bi í lórúkọ ọ̀rẹ́ náà bí ẹ ti ń bi í lórúkọ ọmọ aládùúgbò, kí ẹ sì bá a lọ bí ó bá gbà.

Bí ìpàdé bá sì lọ dáadáa, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Umar bi Uwais níbi tó ń lọ, ó ní Kufa. Umar ní ṣé kí òun kọ̀wé sí gómìnà ibẹ̀ nítorí rẹ̀, ó ní rárá, ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun wà láàárín àwọn mẹ̀kúnnù. Ni wọ́n bá pínyà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá Kufa wá ṣe Hájì, ó sì pàdé Umar. Umar béèrè Uwais lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun fi í sílẹ̀ nínú ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ kan, ẹrù rẹ̀ kò sì tó nǹkan.