Ǹjẹ́ Ọ̀dàlẹ̀ Ni Agbábọ́ọ̀lù Tí Ó Pààrọ̀ Ẹgbẹ́?

Nígbà tí àkókò àtira agbábọ́ọ̀lù bá dé, ọkàn olólùfẹ́ Shooting Stars ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà kì í balẹ̀. Bí ẹni tí ó gbójú lé bá lọ, "ọ̀dàlẹ̀" ni ó máa ń pè é. Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ènìyàn méjì. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ náà gba ife ilẹ̀ Áfíríkà kan ní 1976, kò lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1984. Ọdún náà gan-an ni Rashidi Yẹkínì kọjá sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta. Ó ti ibẹ̀ lọ sí Abidjan, ó sì dé Pọ́túgà ní 1990. Ní 1994, òun ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Nàìjíríà nínú Ife Àgbáyé.

Ẹni tí ó bá da májẹ̀mú ni ọ̀dàlẹ̀. Àgbẹ̀ Ìbàràpá mọ̀ pé bí alágbàṣe bá kọ ebè tí ó gbà tán, kò jẹ̀bi bí ó bá gba oko ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí ó sá kúrò láàárín ebè ni ó jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ ni agbábọ́ọ̀lù rí pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí ó gbà á síṣẹ́. Olólùfẹ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn. Òun nìkan ni ó bá ọkàn ara rẹ̀ mulẹ̀.

Ṣé ìfẹ́ rẹ̀ wá di asán ni? Rárá o. Ìfẹ́ náà ni ẹgbẹ́ fi ń dúró nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni dídúró Ọdẹ́gbàmí. Ọpẹ́ ni a ń dá fún ẹ̀bùn. A kì í sin ín bí ẹni ń sin gbèsè.