Ohun Tó Wù Wá àti Ohun Tó Tọ́

Àwọn àgbà ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé òwe yìí ti parí ẹjọ́ lórí ohun tí ojú ń fẹ́, àfi ìgbà tí ọkọ̀ bàbá wa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi.

Peugeot 404 ni ọkọ̀ náà. Ọdún 1960 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ọdún kan náà tí ilẹ̀ wa, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, gba òmìnira. Bàbá wa fi tirẹ̀ gbé èrò láti Àjàṣẹ́ gba Sèmè-Kpodji lọ sí Kútọnu, táyà dúdú ló sì lò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí a fẹ́ tún un ṣe, ẹ̀gbọ́n mi ní kí a wá táyà tí ìlà funfun yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká. Mo kọ̀. Mo ní irọ́ ni a ó máa pa mọ́ bàbá wa, nítorí kò lo irú rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní: “Apá bàbá kò ká a ni. Ṣé àìní wọn ni o fẹ́ kí a máa tọ́jú bí ohun ẹ̀ṣọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, ó sì mú mi wádìí. Rọ́bà kì í ṣe dúdú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe táyà rí i pé lẹ́búlẹ́bú èédú dúdú ń mú kí ó yi, kí ó sì tọ́jọ́, ni wọ́n pò ó mọ́ ọn. Funfun tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá di ẹ̀ṣọ́ ọlọ́lá. Dúdú tí mo ń pè ní ojúlówó, àyípadà ni òun náà. Mo wá mọ̀ pé òtítọ́ nìkan kọ́ ni mo ń gbèjà. Ohun tó wù mí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èmi fẹ́ rántí bàbá bí wọ́n ti wà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fún wọn ní ohun tí wọn kò ní. Ìfẹ́ ni méjèèjì.

Ǹjẹ́ ohun gbogbo tó wu ni ló tọ́ nígbà náà? Rárá o. Ẹ wo ọ̀nà wa yìí, níbi tí àwọn ọkọ̀ àlòkù tó gba èbúté Kútọnu wọlé ń kọjá. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀dà funfun kun táyà tó ti gbó, kí ó lè bo ibi tó ti ń ya, ẹ̀mí èrò ọkọ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tó wu ojú mọ́, ẹ̀tàn ni. Ìwà lẹwà, ìwà táyà sì ni kí ó gbé ni délé.

Nítorí náà, bí ẹ̀ṣọ́ ẹlòmíràn kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, kí a tó bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ó ń bò mọ́lẹ̀? Ta ni yóò pa lára? Bí a kò bá rí èsì, a jẹ́ pé ojú tiwa nìkan ni kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí a dákẹ́.

Táyà onílà funfun la fi sí ọkọ̀ bàbá, táyà tuntun. Irin tí wọ́n ń di ẹrù mọ́ lórí òrùlé rẹ̀, tí okùn ti jẹ lójú, ni mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí a má ṣe fọwọ́ kàn. Wọ́n gbà.