Ta Ló Pa Ẹni Tó Yè Nínú Jàǹbá?

Bí ọkọ̀ bá gbá ọlọ́kadà lójú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́, tó dé ilé ìwòsàn tó sì lajú, ẹbí á dúpẹ́. Bó bá wá kú lọ́jọ́ kẹjọ, ọ̀rọ̀ á yí padà. "Kì í ṣe ojú lásán." Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá àgbà kan lójú.

Inú ara olóògbé gan-an ni ọ̀ràn náà sábà máa ń wà.

Ikú wà lára ohun tí ara fi ń ró. Nínú oyún, ẹran ló so ìka ọmọ pọ̀; sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín wọn ní láti kú kí ìka tó yọ. Ní 1972, Kerr, Wyllie àti Currie sọ irú ikú yìí ní apoptosis: sẹ́ẹ̀lì á súnkì, á gé ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, àwọn tó yí i ká á sì gbé e mì. Ọ̀tá ni Pọ́ọ̀lù pe ikú fún àwọn ará Kọ́ríńtì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wàásù rẹ̀ l'Ádó. Síbẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n ń nà sókè láti lé ikú lọ, ikú ló la ìka rẹ̀.

Jàǹbá ńlá máa ń da ètò yìí rú. Nínú ẹ̀jẹ̀ funfun, neutrophil ló ń kọ́kọ́ dé ojú ọgbẹ́. Ó ń pa kòkòrò, kì í sì í pẹ́ kú. Lẹ́yìn jàǹbá, kò ní tètè kú mọ́. Á wọ ẹ̀dọ̀fóró tí nǹkan kan ò ṣe, oró tó fi ń pa kòkòrò á sì máa ba ibẹ̀ jẹ́. Lymphocyte, ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn tó ń rántí àrùn, tó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún, ló wá ń kú lọ bẹẹrẹ. Kòkòrò á ráyè wọlé.

Ọ̀yọ́ rí ikú tó ṣìnà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944, Jinadu, Olókùn-ẹṣin, ni àṣà ní kó bá ọba lọ. Aláṣẹ òyìnbó dá a dúró. Ọmọ rẹ̀, Murana, ló kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà. Àmọ́ Jinadu lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀mí ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ara ló ni ín.

Ìyá àgbà tí wọ́n ń wò lójú yẹn kò mọ nǹkan kan nípa ikú ọlọ́kadà náà. Ibà tó yọjú lọ́jọ́ karùn-ún, èémí tó ń yára, ọgbẹ́ tó ń rùn: ìwọ̀nyí ni kí ẹbí tètè pe nọ́ọ̀sì sí, kódà bí aláìsàn bá ti ń bèèrè iyán.